Ẹ Mú Eṣinṣin Bọ̀ Láti Orí Òkè, Ẹ Ò Mọ Irú Tó Jẹ́? Bí Ẹ Ó Ṣe Wá Orúkọ Rẹ̀ Nìyí

Àwọn kọ́pà tó ń sìn ní Tàràbà àti Plateau, àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní Zaria, àwọn ará Abuja tó máa ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀: ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. “Ẹ jọ̀ọ́, mo rí eṣinṣin kan lórí òkè, kò jọ tilé. Kí lorúkọ ẹ̀?” Àwòrán kan ṣoṣo ló sábà máa ń bá ìbéèrè náà rìn, àwòrán tó ṣú, tí wọ́n yà nígbà tí eṣinṣin ti ń gbéra.

Mo kọ èyí kí n lè máa darí yín síbí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ òótọ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ eṣinṣin ni ojú lásán kò lè dá mọ̀ tán. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni kí ẹ mọ ìdílé rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú ìran rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ débi tí ẹni tó mọ̀ jù wá lọ á fi lè parí iṣẹ́ náà. Ìdílé ló fẹ̀ jù, ìran wà nínú ìdílé, irú wà nínú ìran. Eṣinṣin ilé, bí àpẹẹrẹ: ìdílé Muscidae, ìran Musca, irú Musca domestica.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ wò ó bóyá ìwọ̀nyí wà nínú àpò yín:

- awò alọ́wọ́ tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 tàbí 20
- fóònù, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn lójú
- àwọ̀n ìmú-kòkòrò àti ìgò tó ní ìdérí
- ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó
- abẹ́rẹ́ ìgún-kòkòrò (abẹ́rẹ́ aránṣọ nípọn jù, ó sì máa ń dípẹtà)
- ìgò kéékèèké tó kún fún ethanol ìdá 95 nínú 100
- pẹ́ńsù àti bébà tó le

Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ògógóró kò lágbára tó. Omi inú rẹ̀ pọ̀. Sípírítì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì máa ń kun kòkòrò. Fọ́málínì ń ba DNA jẹ́, ẹ má fi kàn án rárá. Tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni ní yàrá àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀bẹ̀ fún ethanol gidi.

Bí ẹ bá ń lọ sí Gashaka-Gumti, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ National Park Service. Abuja níbí ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Níbi yòówù kí ẹ lọ, ẹ kí olórí abúlé, kí ẹ sì béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Eṣinṣin kò tó ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí wewu lé lórí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ìwé rẹ̀ kí ẹ tó wo ojú rẹ̀

Eṣinṣin tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a mọ ibi tí wọ́n ti mú un, wúlò. Èyí tó lórúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá, ẹ lè gbá a dànù. Níbi tí ẹ ti mú un gan-an ni kí ẹ ti kọ ọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá délé:

1. Orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, àti abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.
2. Nọ́ńbà GPS láti orí fóònù.
3. Bí ibẹ̀ ṣe ga tó ní mítà.
4. Ọjọ́, oṣù, ọdún.
5. Ohun tó bà lé: ìgbẹ́ màlúù, òdòdó, òkú ẹran, tàbí apá yín.
6. Orúkọ ẹni tó mú un.

Ẹ fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù, báyìí: 5.vi.2025. Bí ẹ bá kọ 5/6, ará Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù karùn-ún. Pẹ́ńsù sì ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí ọtí ń fọ yíǹkì bírò kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni à ń sọ níbí, àmọ́ ẹ kọ ti inú ìgò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó máa kà á lọ́jọ́ iwájú lè máà gbọ́ èdè wa.

Nọ́ńbà kẹta yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò. Àárín Abuja kò ga tó 600 mítà. Jos wà ní nǹkan bí 1,200. Pẹpẹ Mambilla wà ní nǹkan bí 1,600, Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà sì jẹ́ 2,419. Mambilla àti àwọn òkè Kamẹrúùnù so pọ̀ ni, nítorí náà eṣinṣin tí ẹ bá rí lókè níbẹ̀ lè bá ti Kamẹrúùnù tan ju ti Abuja lọ. Ẹni tó bá ń ràn yín lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ gíga náà kó tó mọ ibi tó máa wá a sí. Fóònù sì máa ń ṣìnà lórí gíga. Ẹ fi wé máàpù.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pa á dáadáa, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa

Ẹ má mú ẹyọ kan ṣoṣo. Mẹ́ta sí márùn-ún láti ojú ibi kan náà dára, kí akọ lè wà nínú wọn. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹni tó wà nílé, tí iná sì wà, kó fi í sínú fírísà mọ́jú. Ẹni tó wà ní pápá, kó rẹ owú díẹ̀ sínú ethyl acetate, kó dé ìgò pa. Oríṣi omi ìyọ-kùtẹ́ẹ̀sì kan ní in nínú, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò, acetone ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má fi ọwọ́ tẹ eṣinṣin pa, ẹ má sì fi Sniper tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fín in. Ńṣe ló máa ń jà títí irun ara rẹ̀ fi tán, irun yẹn gan-an la sì nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì:

- Èyí tí ẹ ó gbẹ: ẹ gún abẹ́rẹ́ gba àyà rẹ̀ kọjá, ní apá ọ̀tún díẹ̀ sí àárín. Bẹ́ẹ̀ ni irun apá òsì á ṣe wà lódindi. Tó bá kéré jù fún abẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù bíńtín lẹ ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ mọ́ ṣóńṣó káàdì onígun mẹ́ta, kí ẹ wá gún káàdì náà.
- Èyí tí ẹ ó fi pamọ́ fún DNA: tààrà sínú ethanol, sínú fíríìjì.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìhà àríwá níbí ní wàhálà tirẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, eṣinṣin ti gbẹ, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹsẹ̀ á já. Bó bá ti gbẹ kí ẹ tó gún un, ẹ fi bébà tó tutù sí ìsàlẹ̀ ike kan, ẹ kán Dettol díẹ̀ sí i kó má baà hu olú, ẹ gbé eṣinṣin sórí nǹkan tí kò ní jẹ́ kó kan omi, ẹ dé e pa fún ọjọ́ kan. Á rọ̀. Ìgbà òjò, òdìkejì rẹ̀ ni: olú. Ẹ fi wọ́n síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kó tó di pé ẹ dé àpótí.

Èèrà sì ni olè tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé àpótí sórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo omi, ẹ sì fi káńfọ̀ sígun kan, ẹ gún un mọ́lẹ̀ kó má baà máa yí kiri, kó sì fọ́ ohun tó wà nínú àpótí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Àwòrán márùn-ún

Bí ẹ bá máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, márùn-ún yìí ni:

1. láti òkè, kí gbogbo ẹ̀yìn hàn
2. láti ẹ̀gbẹ́, kí irun ẹ̀gbẹ́ àyà hàn
3. ojú, láti iwájú gangan
4. ìyẹ́ kan tí ẹ tẹ́, pẹ̀lú bébà funfun lábẹ́ rẹ̀
5. ìdí rẹ̀, ibi tí ikùn parí sí

Ẹ fi rúlà sínú ọ̀kan nínú wọn. Bí eṣinṣin náà bá ní ojú aláwọ̀ mèremère, ẹ yà á kó tó kú, torí àwọ̀ ojú àwọn irù màlúù (eṣinṣin ńlá tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù) máa ń ṣá lẹ́yìn ikú, ó sì wà lára ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìdílé wo ló ti wá?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ tẹ̀ lé ìbéèrè yìí lẹ́sẹẹsẹ, ẹ má fo ọ̀kan.

1. Ṣé eṣinṣin ni lóòótọ́? Ẹ ka ìyẹ́. Eṣinṣin ní méjì péré; ibi tó yẹ kí méjì yòókù wà, ọ̀pá kékeré olórí róbótó ló wà níbẹ̀. Oyin àti agbọ́n ní mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń mú wá bá mi pé “oyin òkè” jẹ́ eṣinṣin Syrphidae tó múra bí oyin.

2. Báwo ni ìwo orí rẹ̀ ṣe rí? Bó bá gùn, tí oríkèé rẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn àti kantíkantí ni kí ẹ lọ. Àfi àwọn kan, bíi Simuliidae, eṣinṣin dúdú kékeré abuké tó ń jẹni lẹ́bàá odò, tó ń fa ìfọ́jú odò. Ìwo rẹ̀ kúrú, síbẹ̀ oríkèé rẹ̀ pọ̀.

3. Ṣé ojú rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ ki, tí kò sí irun kan tó yọ jáde lára ìwo? Ẹ wo ṣóńṣó ìyẹ́. Bí iṣan ìyẹ́ méjì bá yà, tí ọ̀kan gba òkè ṣóńṣó náà, tí èkejì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní tìmùtìmù mẹ́ta, irù màlúù ni, ìdílé Tabanidae.

4. Ṣé ìlà kan wà láàárín ìyẹ́ tó jọ iṣan, tí kò so mọ́ iṣan kankan? Syrphidae ni.

5. Ṣé ìyẹ́ rẹ̀ ní bátànì, tí iṣan kékeré etí iwájú sì ṣẹ́ sókè lójijì? Tephritidae, eṣinṣin èso. Àwọn ni wọ́n ń ba máńgòrò jẹ́.

6. Ṣé ẹnu rẹ̀ nà síwájú, tó ń fa ẹ̀jẹ̀? Ẹ farabalẹ̀ níbí. Bó bá ká ìyẹ́ kan lé ìkejì lórí nígbà tó bá sinmi, tí àlàfo kan láàárín ìyẹ́ sì rí bí àáké, Glossina ni, eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ran èèyàn àti màlúù. Bí ìyẹ́ bá yà sọ́tọ̀, tí kò sí àáké, Stomoxys ni, èyí tó wà ní gbogbo gáà màlúù. Lọ́pọ̀ ìgbà, Stomoxys ni wọ́n máa ń mú wá tí wọ́n á ní tsetse ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé tsetse ni lóòótọ́, tó sì jẹ́ pé orí Jos Plateau tàbí Mambilla lẹ ti rí i, ẹ má jókòó lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àìsí tsetse lórí àwọn pẹpẹ yẹn wà lára ohun tó ń fa àwọn Fúlàní àti màlúù wọn lọ síbẹ̀, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ìwádìí ẹranko tó wà ní Vom, tàbí iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn oorun tó wà ní Kaduna.

7. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyẹn, ó kàn jọ eṣinṣin ilé? Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ìlà irun líle lórí ẹ̀gbẹ́ àyà, lókè ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti yọ, lábẹ́ ọ̀pá olórí róbótó yẹn.

- Kò sí irun: Muscidae, tàbí ìbátan rẹ̀.
- Irun wà, ara ń dán bíi búlúù tàbí àwọ̀ ewé: Calliphoridae ni ẹ ó kọ́kọ́ fura sí.
- Irun wà, ara jẹ́ eérú, ìlà dúdú mẹ́ta lórí àyà, ikùn rẹ̀ ní àmì onígun-mẹ́rin aláwọ̀ méjì: Sarcophagidae.
- Irun wà, ìbòrí kékeré kan sì wú lábẹ́ ìparí ẹ̀yìn àyà: Tachinidae, àwọn tí ìdin wọn ń gbé inú kòkòrò mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Ẹ wà lórí pápá Mambilla. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé tó ń dán wà lórí ìgbẹ́ màlúù. Gbogbo ènìyàn á sọ pé Lucilia, eṣinṣin òkú ẹran. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́: kò sí irun níbi tí mo wí. A jẹ́ pé kì í ṣe Calliphoridae rárá. Muscidae ni, ó sì ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ìran Neomyia, tí ìdin rẹ̀ ń dàgbà nínú ìgbẹ́ màlúù. Ká ní irun wà ńkọ́? Ẹ wo ìdí iṣan ńlá tó wà níwájú ìyẹ́, láti òkè. Bí irun wẹ́wẹ́ bá wà lórí rẹ̀, Chrysomya ni ẹ ó yẹ̀ wò. Bó bá pá, Lucilia. Àwọ̀ kò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí fún yín.

## Ìgbésẹ̀ 5: Àtẹ ìdámọ̀

Àtẹ ìdámọ̀ ni ìwé tó ń bi yín ní ìbéèrè méjì-méjì títí ẹ ó fi dé orúkọ. Ti Áfíríkà ni kí ẹ lò. Manual of Afrotropical Diptera, tí iléeṣẹ́ SANBI ní Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2017, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tóbi o. Ẹ wá dátà tó pọ̀.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn fi àtẹ ilẹ̀ Yúróòpù wo eṣinṣin Mambilla. Àtẹ kì í sọ pé “mi ò mọ̀”. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sínú rẹ̀, orúkọ kan á jáde ní ìparí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú tí ẹ mú kò sí nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn áàpù fóònù tó ń dárúkọ kòkòrò: ibi tí àwòrán ti pọ̀ ni wọ́n ń fì sí.

Bí ẹ ṣe máa lò ó:

1. Ẹ ka apá méjèèjì ìbéèrè kan kí ẹ tó yan ọ̀kan.
2. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀kan á kọlu ògiri láìpẹ́.
3. Ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè tí ẹ ti ṣiyèméjì sílẹ̀.
4. Nígbà tí ẹ bá dé orúkọ, ẹ lọ ka àpèjúwe rẹ̀ lódindi. Bí nǹkan méjì kò bá bára mu, ẹ padà.

### Ohun mẹ́ta tó ń tanni jẹ lórí òkè

Àwọ̀. Ibi tó tutù máa ń sọ ọ̀pọ̀ eṣinṣin di dúdú sí i. Irú kan náà lè pọ́n ní Lokoja kó ṣú ní Gembu.

Ìwọ̀n. Ìdin tí kò rí oúnjẹ tó jẹ á di eṣinṣin kékeré. Ẹ má fi kíkéré nìkan sọ pé ó yàtọ̀.

Ọmọ tuntun. Eṣinṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń funfun, ara rẹ̀ rọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ lè ká jọ, nígbà mìíràn àpò kan á wú sí i níwájú orí. Àwọn kan ti yọ̀ pé àwọ́n rí irú tuntun nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ kan láàyè nínú ike kí ẹ tó pa á.

## Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tí ara òde kò tó

Láàárín Sarcophagidae, ẹ lè wo òde títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn á ṣì jọra. Ẹ̀yà ìbísí akọ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú ju ẹyọ kan lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ojú akọ sún mọ́ra tàbí kó fi ara kan ara lókè orí, ti abo sì jìnnà síra.

1. Ẹ gé ìparí ikùn rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú sínú KOH (potassium hydroxide, kẹ́míkà tó ń jẹ ẹran inú rẹ̀ kúrò) ìdá 10 nínú 100.
2. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tó ní fínígà díẹ̀.
3. Ẹ gbé e sínú gilisarínì, ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù.
4. Ẹ fi í sínú ìgò bíńtín pẹ̀lú gilisarínì, kí ẹ gún ìgò náà mọ́ abẹ́rẹ́ eṣinṣin tó ni ín. Kò gbọdọ̀ ya ara wọn láéláé.

KOH ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀. Kaun kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má dán an wò.

Ní ti DNA, ẹsẹ̀ kan tó. Apá kan lára COI (jíìnì kan tí wọ́n fi ń dá ẹ̀dá mọ̀), tó gùn tó lẹ́tà 658, ni wọ́n ń kà, tí wọ́n á fi wé èyí tó wà nínú BOLD, àkójọ DNA ẹ̀dá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ eṣinṣin Áfíríkà kò tíì sí nínú àkójọ náà. “Èyí tó jọ ọ́ jù” kò túmọ̀ sí pé òun ni. Àwọn kan sì wà tí irú wọn súnmọ́ra ju ohun tí ojú lè yà lọ: Simulium damnosum, ọ̀pọ̀ irú ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, okùn ìran inú ìdin wọn ni wọ́n fi ń yà wọ́n.

## Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹ ṣe máa kọ orúkọ tí kò dá yín lójú

Ó wù mí kí gbogbo èèyàn mọ apá yìí ju ìyókù lọ. Àṣà wà fún iyèméjì, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀:

- Sarcophaga sp. Ìran dá mi lójú, irú kò dá mi lójú.
- Lucilia cf. sericata Ó jọ sericata, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà.
- Lucilia aff. sericata Ó bá sericata tan, àmọ́ mo gbà pé kì í ṣe òun.
- Muscidae nìkan: ibi tí ẹ̀rí mi mọ nìyí.

Ẹni tó kọ “Muscidae” tó sì jóòótọ́ ṣe iṣẹ́ ju ẹni tó kọ orúkọ gígùn tó sì mẹ́hẹ. Orúkọ tí kò tọ́ á wọ inú àkójọ, ẹlòmíràn á fi kọ ìwé, ó di kí wọ́n máa wá eṣinṣin kan lórí òkè tí kò tíì dé rí.

## Bí gbogbo rẹ̀ bá sú yín

Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìkójọ kòkòrò tó wà ní Samaru, lọ́dọ̀ Ahmadu Bello University, Zaria, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú àpótí wọn. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ má kàn já wọlé. Èkejì ni kí ẹ gbé àwòrán márùn-ún yẹn sórí iNaturalist (ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bára wọn dá ẹ̀dá mọ̀), pẹ̀lú gíga ibẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù. Àwọn onímọ̀ eṣinṣin kò pọ̀, ìdáhùn lè pẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi eṣinṣin fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìjọba kí ẹ tó dé páálí. Bí orúkọ tuntun bá sì ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ má yọ bébà tí wọ́n kọ orúkọ àtijọ́ sí kúrò lára abẹ́rẹ́. Ẹ kọ tuntun, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọdún tó sọ ọ́, kí ẹ gún un sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀.